Kọ́ńdọ̀mù bẹ́? Wákàtí 72 lẹ ní kí HIV tó ráyè

Ọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ Thursday kan, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ti ń dín kù ní kílíníìkì. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fọwọ́ pa nylon dúdú kan lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó yá ló ní, "Áńtì, ẹ jọ̀ọ́ mà, kọ́ńdọ̀mù bẹ́ mọ́ mi lára." Mo ní ọjọ́ wo? Ó ní Saturday. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níka, Sunday, Monday, títí mo fi dé Thursday. Mo ní kí lẹ wá ń ṣe látìgbà yẹn? Ó ní àárọ̀ Sunday lòun ti lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ta ampiclox fóun, òun fi omi iyọ̀ wẹ̀, òun mu àgbo tí ìyá kan ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, òun sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá bi í pé kí ló wà nínú nylon. Ó ṣí i. Kílípà ẹ̀ ni. Ó ti ń gbé kílípà tiẹ̀ lọ bá onígbàjámọ̀ láti bí ọdún mẹ́rin, kó má bàa kó HIV.

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ẹni tó ń gbé kílípà kiri fún ọdún mẹ́rin kì í ṣe ẹni tí ò bìkítà o, tọkàntọkàn ló fi ń sá fún àìsàn yìí, àmọ́ wíńdò ló tì pinpin, gééètì wà ní gbayawu, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé oògùn kan wà tó jẹ́ pé tó bá lò ó láàárín wákàtí 72 tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kí kòkòrò yẹn má ráyè jókòó sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta péré nìyẹn. Ó sì ti ná ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán sórí ampiclox àti iyọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí, kẹ́ ẹ lè ti kà á sórí kọ́jọ́ tó burú tó dé.

Orúkọ oògùn yẹn ni PEP. Ẹ mú orúkọ yẹn dání torí òun lẹ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Oògùn kan náà tí àwọn tó ní HIV ń lò ni, ARV, àmọ́ ọjọ́ 28 péré lẹ máa lò ó. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí wákàtí fi ṣe pàtàkì ò ní sọ pé ó di ọ̀la. Tí HIV bá gba ojú ara tàbí ojú egbò wọlé, kì í ṣe ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ń gba gbogbo ara kan. Ó kọ́kọ́ máa wà níbi tó gbà wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwọn sójà ara tó ń bá àìsàn jà tó wà nítòsí, àwọn sójà yẹn náà ló máa wá gbé e lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn pọ̀ sí, bí àwọn kókó tó máa ń wú sí abẹ́ abíyá tàbí ibi tí itan ti pàdé abẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tá sì tàn ká. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ìrìn yẹn máa ń gbà á. Ó dà bí olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fo fẹ́ǹsì, tẹ́ ẹ bá pariwo nígbà tó ṣì wà nínú kọ́ńpáǹdì ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tó bá ti wọ yàrá tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. HIV burú débi pé tó bá wọ inú sójà ara tán, ńṣe ló máa ń rán ara ẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí télọ̀ rán ìgbátí mọ́ ẹ̀wù, kò sì tíì sí oògùn tó ń tú òwú yẹn. Nínú kóró kan ṣoṣo tí wọ́n máa fún yín, tí wọ́n ń pè ní TLD, oògùn mẹ́ta ló wà ńbẹ̀: tenofovir àti lamivudine ò ní jẹ́ kó lè da ara ẹ̀ kọ, dolutegravir ò ní jẹ́ kó rán ara ẹ̀ mọ́ sójà. Kẹ́ ẹ lò ó ní wákàtí méjì sàn ju kẹ́ ẹ lò ó ní wákàtí 20, wákàtí 20 sàn ju 60, tó bá ti kọjá 72 wọn ò ní fún yín mọ́ torí kò ní ṣàǹfààní kankan.

Ṣé tèmi tó ohun tí mo máa sáré fún?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò tó nǹkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré fún. HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú àtọ̀ àti omi tó máa ń kọ́kọ́ jáde kí àtọ̀ tó dé, nínú omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí, àti omi ọmú. Ó parí. Itọ́ ò lè kó o ràn yín, òógùn ò lè kó o ràn yín, ẹ̀fọn ò lè gbé e torí kì í lè gbé inú ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan, kẹ́ ẹ jọ lo ṣálángá, kẹ́ ẹ dì mọ́ra, kẹ́ ẹ wọ aṣọ ara yín. Tẹ́ ẹ bá fẹnu konu lásán, ẹ lọ sùn.

Ti ìbálòpọ̀ ńkọ́? CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àìsàn, ti ṣírò ẹ̀. Wọ́n ní ká mú ìgbà 10,000 tí ẹnì kan bá ẹni tó ní HIV tí ò lo oògùn pàdé láìsí ààbò kankan. Tó bá jẹ́ láti ihò ìdí, ẹni tí wọ́n wọlé sí lára lè kó o nígbà 138, ẹni tó wọlé nígbà 11. Tó bá jẹ́ ojú ara obìnrin, obìnrin lè kó o nígbà 8, ọkùnrin nígbà 4. Kéèyàn méjì jọ lo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún oògùn olóró sára, 63. Nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ aláìsàn gún lọ́wọ́, 23. Ẹni tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ tó ní kòkòrò yẹn sí lára, 9,250 nínú 10,000, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò sí èèyàn yín lára, ì báà jẹ́ pé owó ń jó yín lójú, ì báà jẹ́ pé oníṣẹ́ náà ní ká ṣe kíá.

Ẹ má wo 8 yẹn kẹ́ ẹ ní ó kéré o. Ìpíndọ́gba ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lóṣù tó kọjá, tí kòkòrò ń rọ́ gìrìgìrì nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ̀, tàbí tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì bá ní àtọ̀sí tàbí egbò lójú ara, ewu yẹn á fò sókè fíìfíì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè kóbá èèyàn, mo ti rí ọmọ ọdún 19 tó kó o níbi àkọ́kọ́.

Torí náà tó bá jẹ́ pé kọ́ńdọ̀mù bẹ́ tàbí ó yọ sínú, tàbí ẹ ò tiẹ̀ lò ó pẹ̀lú ẹni tẹ́ ò mọ bó ṣe wà, tàbí wọ́n fipá bá yín lò pọ̀, tàbí abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹlòmíì gún yín, tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ta sí yín lójú tàbí sójú egbò, ó tó sáré. Tó bá jẹ́ pé ẹni náà sọ fún yín pé òun ní HIV àmọ́ òun ń lo oògùn òun déédéé, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò yẹn ti dín kù débi tí ẹ̀rọ ò fi rí i nínú ẹ̀jẹ̀ òun mọ́, ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹni yẹn ò lè kó o ràn yín, màá padà sórí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ wo aago, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sínú fóònù yín. Ojú èèyàn máa ń dàrú nírú àsìkò yẹn, alẹ́ Saturday á sì di àárọ̀ Sunday lẹ́nu yín tẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà.

Ẹ tọ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ìta ara yín, ó tán síbẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi iyọ̀, Dettol, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí fọ inú. Awọ inú ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹnu, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan tó ta á fọ̀ ọ́, ẹ máa bó o, ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ dí lẹ tún ṣí sí i yẹn. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ló gún yín, ẹ sáré gbé ọwọ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, ẹ fọṣẹ sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má da bleach sí i. Tó bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án dáadáa.

Tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má tíì wẹ̀, ẹ kó aṣọ tó wà lọ́rùn yín nígbà yẹn sínú àpò pépà tàbí ẹnfílóòpù ńlá, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nylon torí ọ̀rinrin inú nylon máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà, iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún láti 2013 nìyẹn, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti wẹ̀, tẹ́ ẹ ti fọ aṣọ, ẹ ṣì lọ! PEP ò bèèrè ẹ̀rí. Ìtọ́jú làkọ́kọ́, ti ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé e.

Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù

Ẹ má lọ sí kẹ́míìsì. Ampiclox ń pa bakitéríà, HIV kì í ṣe bakitéríà, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Postinor náà, kí oyún má bàa dúró ló wà fún. Mo máa ń rí àwọn ọmọbìnrin tó ti lo Postinor tí ọkàn wọn balẹ̀ pé àwọn ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, oyún nìkan ni wọ́n rí, HIV ò sí lọ́kàn wọn rárá. Nǹkan méjèèjì lẹ nílò, ẹ béèrè méjèèjì.

Ọsibítù tó ń tọ́jú HIV ni kẹ́ ẹ gbà lọ. General hospital ìjọba ìpínlẹ̀ yín ni ó sábà máa ń sún mọ́ yín jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ńláńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, FMC ní Abẹ́òkúta. Tó bá jẹ́ òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń fúnni ní ARV ti lọ sílé, torí náà ibi tí wọ́n ń gba pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbà wọlé, ẹ má dúró de Monday. Tí wọ́n bá ní kò sí níbí, ẹ bi wọ́n pé ibo ló wà, kẹ́ ẹ sì wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ò ju èyí lọ: "Mo nílò PEP. Ó ṣẹlẹ̀ ní aago méjìlá òru àná. Kọ́ńdọ̀mù bẹ́. Mi ò mọ bóyá onítọ̀hún ní HIV." Ẹ ò nílò láti sọ orúkọ ẹni náà, tàbí ohun tẹ́ ẹ wá dé yàrá ẹ̀. Mo mọ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí nọ́ọ̀sì kan bú mọ́ lójú gbogbo èèyàn pé "ta ló rán ẹ níṣẹ́ yẹn?" Ọmọ yẹn yí padà, ó lọ sílé, ó tó ọjọ́ kejì kó tó rẹ́ni fi lọ̀ tó wá mú un padà wá. Wákàtí bí 30 ni ẹnu nọ́ọ̀sì yẹn jẹ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún yín, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó kọjá létí yín, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà, ẹ má fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Oògùn yẹn ṣáà lẹ bá wá.

Wọ́n máa gún yín níka, wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV. Kì í ṣe torí ti àná o, ti àná ò tíì lè hàn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n á tún yẹ kíndìnrín wò, àti hepatitis B, àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀, àti oyún tẹ́ ẹ bá jẹ́ obìnrin. Àmọ́ kóró àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ dúró de gbogbo ìyẹn, tí wọ́n bá ní ẹ padà wá lọ́la gba èsì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún yín ní tòní ná. ARV ti di ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba Nàìjíríà láti January 2006, àmọ́ ẹ mú owó díẹ̀ dání nítorí káàdì àti àwọn tẹ́ẹ̀sì tó kù.

Ọjọ́ 28

Kóró kan lójúmọ́, àsìkò kan náà. Ẹ sọ àláàmù sínú fóònù. Ó lè rìn yín nínú díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, orí lè máa fọ́ yín tàbí kóorun má tètè kùn yín, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ jẹun sí i, kẹ́ ẹ sì lò ó láàárọ̀ dípò alẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron, kásíọ̀mù, àti oògùn inú kíkan tó funfun bí ẹfun yẹn lè di dolutegravir mú nínú ikùn kó má wọ ara. Ẹ lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ikọ́ fée tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ní hepatitis B, ẹ má dá ìdúró ṣe lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, tenofovir àti lamivudine ń tọ́jú tìyẹn náà, tẹ́ ẹ bá ṣàdédé dá a dúró ẹ̀dọ̀ lè dìde sí yín.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó nígbà tẹ́ ẹ bá rántí, ẹ má lo méjì pọ̀. Inú ike ẹ̀ ni kó wà, torí ó ní ohun kékeré kan nínú ẹ̀ tó ń fa ọ̀rinrin mu, tójú aládùúgbò bá ń dẹ́rù bà yín ẹ bó lébẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀ kúrò. Àwọn tó ń já a sílẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á lò ó ọjọ́ mẹ́wàá, ara wọn á le, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó o. Ẹ lò ó pé. Kẹ́ ẹ sì máa lo kọ́ńdọ̀mù pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó yín títí tẹ́ẹ̀sì tó kẹ́yìn á fi jáde, mo mọ̀ pé ó le láti ṣàlàyé, àmọ́ ó sàn ju kí ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ wá bá yín pín nínú ẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ náà.

Tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta. Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gún níka kì í wá kòkòrò yẹn fúnra ẹ̀, ipasẹ̀ ìjà tí sójà ara bá a jà ló ń wá, ó sì lè tó ọjọ́ 23 sí 90 kí ipasẹ̀ yẹn tó hàn. Ẹni tó bá ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́sẹ̀ kejì tó rí négétíìfù tó wá ń jó kiri ti yára jù. Ọkùnrin oníkílípà mi yẹn, négétíìfù ló jẹ́ lọ́jọ́ Thursday yẹn, mo sọ fún un pé ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kẹfà. Ó padà wá lóṣù kẹta, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé èmi ni mo bá a di ìka ẹ̀ mú kí abẹ́rẹ́ lè rí i gún. Négétíìfù. Ó sunkún. Kì í ṣe iyọ̀ ló gbà á, kì í ṣe àgbo, oríire ni, bóyá ẹni yẹn ò tiẹ̀ ní in. Mi ò fẹ́ kẹ́ni kankan gbé oṣù mẹ́ta bí irú èyí tí ọkùnrin yẹn gbé.

Kó má tiẹ̀ dórí PEP rárá

Kọ́ńdọ̀mù kì í ṣàdédé bẹ́, bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń bẹ́ ẹ. Ẹ wo déètì ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ páálí ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ kó máa ta padà sí yín lọ́wọ́, tó bá ti pẹlẹbẹ, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fọwọ́ ya á, kì í ṣe eyín. Ẹ di orí ẹ̀ mú pẹ́ńpẹ́ kí afẹ́fẹ́ má kó síbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ti ń bẹ́, kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀ dé ìdí. Vaseline, òrí, òróró, àdí, ìpara, gbogbo wọn ló ń jẹ rọ́bà yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, jẹ́ẹ̀lì olómi tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má wọ méjì léra. Ẹ fà á yọ nígbà tó ṣì le, kẹ́ ẹ sì di ìdí ẹ̀ mú. Èyí tó ti wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì àpò ẹ̀yìn láti oṣù mẹ́fà, ooru ti sè é jinná, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ máa wá gba PEP nìyí, tàbí iṣẹ́ yín ń gbé yín kiri bíi ti àwọn awakọ̀ tírélà, tàbí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn ní HIV tí oògùn ò sì tíì kápá ẹ̀, PrEP ló tọ́ sí yín. Ìyẹn ni èyí tẹ́ ẹ máa lò kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kóró kan lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá lò ó bó ṣe yẹ, ó ń dí ewu ti ìbálòpọ̀ tó bí ìdá 99 nínú 100. Ojú ara obìnrin nílò nǹkan bí ọjọ́ 21 kí oògùn yẹn tó kún un, ihò ìdí nílò ọjọ́ 7, torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Friday kẹ́ ẹ ní ẹ ti bọ́ ní Saturday. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ti wà. Ní 2024 ni èsì ìwádìí PURPOSE 1 jáde, South Africa àti Uganda ni wọ́n ti ṣe é: obìnrin 2,134 gba abẹ́rẹ́ lenacapavir, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kò sẹ́nì kan ṣoṣo nínú wọn tó kó HIV. Nígbà tí mo kà á, mo dìde lórí àga. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fọwọ́ sí i ní July 2025. Bí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín, oníkóró ń ṣiṣẹ́.

Mo ní màá padà sórí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀. Ìwádìí PARTNER tẹ̀ lé tọkọtaya àti àwọn olólùfẹ́ tó jẹ́ pé ẹnì kan ní HIV, ẹnì kejì ò ní, wọn ò lo kọ́ńdọ̀mù, ẹni tó ní in ń lo ARV tí kòkòrò ẹ̀ ti wọlẹ̀. Iye tí wọ́n kó o ràn ara wọn jẹ́ òdo. Torí náà tí ọkọ yín tàbí ìyàwó yín bá sọ pé òun ní in, kẹ́ ẹ tó kó ẹrù, ẹ jọ lọ wo iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ìtìjú ló ń pa wá ju kòkòrò yẹn lọ. Nígbà tí Fela kú ní August 1997, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, ló dúró níwájú àwọn oníròyìn tó sọ ọ́ gbangba pé AIDS ni. Ìgboyà ńlá nìyẹn nígbà yẹn. Òfin náà ti wà báyìí, ti 2014, kò sí ọ̀gá iṣẹ́ ní Nàìjíríà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV kóun tó gbà yín síṣẹ́.

Aláboyún: ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọ lẹ fẹ́ bí sí. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o lára ìyá ẹ̀, tí ìyá bá lo oògùn ẹ̀ tí wọ́n sì fún ọmọ ní tiẹ̀, kì í tó 5.

Ti kílípà ńkọ́? Ẹ máa gbé e lọ, kò burú, hepatitis B tiẹ̀ máa ń pẹ́ lórí irin ju HIV lọ. Bíléèdì gbẹ́rẹ́, ti ilà, ti ìkọlà, tuntun ni kẹ́ ẹ bá wọn mú dání, kẹ́ ẹ ya páálí ẹ̀ lójú ara yín.

Ẹ̀yin tó wà ní England, sexual health clinic ló ń fúnni ní PEP lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá jẹ́ òru, A&E, ibi tí wọ́n ń gba pàjáwìrì, ni. PrEP náà ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀ láti 2020. Tẹ́ ò bá ní pépà, ẹ má torí ẹ̀ sá o, ìtọ́jú HIV ní England ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ láti October 2012, wọn ò bèèrè físà. Amẹ́ríkà, emergency room tàbí urgent care, wákàtí 72 kan náà.

Ohun kan ló kù, ẹ ṣe é lónìí kó tó di Saturday. Ẹ pe ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín jù, tàbí kẹ́ ẹ yà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé ẹ ní PEP, ṣé ẹ máa ń fúnni lóru, ṣé ẹ máa ń fúnni lọ́jọ́ Sunday, ẹnu ọ̀nà wo ni mo máa gbà? Ẹ kọ ìdáhùn ẹ̀ sínú fóònù yín, ẹ fi orúkọ míì tójú yín nìkan mọ̀ pa á mọ́, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó ti lé ní ogún ọdún.